Ọmọ tó fẹ́ di dietitian kò gbọdọ̀ sá fún Kẹ́mísírì

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà bàbá kan láti Ìjerò tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bàbá ní àwọn kò rí ìdí tí òbí fi máa kó owó yunifásítì lé ọmọbìnrin lọ́wọ́ pé kó lọ kọ́ oúnjẹ, nígbà tí ìyá rẹ̀ wà nílé tó lè kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀rín pa mí. Iyán ni ìyá tèmi ń tà nítòsí gáréèjì ní Ìkéré, owó iyán náà ni wọ́n sì fi rán mi lọ kọ́ iṣẹ́ dietitian, ìyẹn onímọ̀ tó ń ṣètò oúnjẹ fún aláìsàn. Àwọn oníbàárà wọn ò jẹ́ ká sinmi nígbà yẹn. "Ìyá Oníyán, ẹ̀yin tí ẹ ò ní dìgírì ńkọ́, ṣé a ò jẹ iyán yín ni?" Ìyá mi á ní kí wọ́n sanwó ẹran wọn kí wọ́n máa lọ.

Mi ò bínú sí bàbá. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú lẹ́tà wọn tó jẹ́ òótọ́, màá dé ibẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé èrò yẹn, pé oúnjẹ sísè ni iṣẹ́ wa, òun gan-an ló ń ba ọ̀nà jẹ́ fún àwọn ọmọ tó nífẹ̀ẹ́ iṣẹ́ náà jù lọ. Ó ń tì wọ́n sínú kíláàsì tí kò lè gbé wọn débẹ̀.

Láìpẹ́ yìí ni ọmọbìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa wá bá mi lẹ́yìn ìsìn. SS3 ló wà. Ó ní, "Àǹtí, iṣẹ́ yín ni mo fẹ́ ṣe." Mo ní kó ka àwọn ẹ̀kọ́ tó ń ṣe fún mi. Ó ka Literature, ó ka Government, ó ka CRS, ó wá gbé orí sókè ka Food and Nutrition, nítorí òun ló ń gba ipò kìíní nínú rẹ̀. Mo ní Kẹ́mísírì ńkọ́? Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n ń bi ní gbèsè tí kò jẹ. Wọ́n sì ti forúkọ sílẹ̀ fún WAEC. Ó ní nígbà tí wọ́n ń pín àwọn sí kíláàsì ní SS1, olùkọ́ kan sọ fún òun pé níwọ̀n ìgbà tí òun ti fẹ́ràn ìdáná, kí òun dúró sí Àátì, kí òun má lọ fi Físíìsì da ara òun láàmú.

Olùkọ́ yẹn ò ní ibi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo máa gbọ́ pé ó sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ yẹn náà sì kọ́ ni yóò kẹ́yìn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ èyí jáde kó hàn ketekete: ọ̀dọ̀ àwọn onísáyẹ́ǹsì ni Nutrition and Dietetics, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ wa yìí, wà. Kírẹ́díìtì márùn-ún ni yunifásítì ń béèrè nínú WAEC tàbí NECO. Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Kẹ́mísírì àti Bàọ́lọ́jì wà níbẹ̀, Físíìsì ló sì sábà máa ń jẹ́ ìkarùn-ún. Nínú JAMB pẹ̀lú, lẹ́yìn Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ dandan fún gbogbo ayé, Kẹ́mísírì ò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ kan lè gba Food and Nutrition mọ́ márùn-ún yẹn, òmíràn lè má gbà á rárá, àmọ́ kò síbi tó ti lè rọ́pò Kẹ́mísírì. Inú ìwé ìtọ́nà JAMB ni gbogbo rẹ̀ wà, yunifásítì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohun tó ń béèrè. Ẹ má gbà á gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ń bá yín fọwọ́ tẹ fọ́ọ̀mù ní káfé.

Àwọn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ náà ò jìnnà sí wa. Yunifásítì Ìbàdàn ní ẹ̀ka rẹ̀, FUNAAB ní Abẹ́òkúta ní in, UNN ní Nsukka náà ní in. Ní Adó-Èkìtì níbí, ABUAD ń kọ́ ọ, ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ni tiwọn, kí òbí tó fẹ́ fi owó iyán san án rò ó dáadáa. Ọdún mẹ́rin ni níbòmíràn, márùn-ún ni níbòmíràn.

Nígbà tí a wọlé, ọ̀pọ̀ nínú kíláàsì wa ni kò tilẹ̀ yan ẹ̀kọ́ náà. Ìmọ̀ ìṣègùn ni wọ́n kọ sí JAMB, máàkì ò tó, ilé ẹ̀kọ́ wá fún wọn ní èyí. Wọ́n sunkún. Èmi tí mo fọwọ́ ara mi yàn án ni wọ́n ń wò bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé. Ní ọdún kìíní, ìkòkò kankan ò kàn wá: Kẹ́mísírì, Físíìsì, Bàọ́lọ́jì àti Ìṣirò ni. Ọdún kejì ló wá le gan-an, nígbà tí bàókẹ́mísírì dé, tí wọ́n ń kọ́ wa bí gààrí àti iyán ṣe ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, ibi tí ẹ̀dọ̀ ti ń kó èyí tó ṣẹ́ kù pamọ́ sí, àti ohun tí ara máa ń sun fún agbára tí oúnjẹ bá tán. Ẹnikẹ́ni tó bá fo Kẹ́mísírì ní SS1, ibẹ̀ ni yóò ti rì. A dáná náà o, mi ò ní parọ́. A wọn iṣu lórí òṣùwọ̀n ní tútù, a tún wọ̀n ọ́n ní jíjinná, a sì ṣírò ohun tó wà nínú rẹ̀.

Kí ni ìṣirò yẹn wà fún? Ẹ wo bàbá kan tí rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, tí kò lè gbé nǹkan mì, tí wọ́n ti ki rọ́bà bọ imú rẹ̀ lọ sínú ikùn. Ká ní kílò 60 ló wọ̀n. Bí a bá fún kílò kọ̀ọ̀kan ní kálórì (ìwọ̀n agbára inú oúnjẹ) 25 lóòjọ́, 1,500 nìyẹn. Ògì, sóyà, wàrà oníyẹ̀fun àti òróró díẹ̀ la lè fi ṣe é, kí mìlílítà kan ní kálórì kan nínú. Mìlílítà 1,500 lóòjọ́ nìyẹn, ní ìgbà mẹ́fà, 250 lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ṣàn jù, omi ni aláìsàn ń mu, yóò máa rù lójú yín. Bó bá ki jù, rọ́bà á dí.

Èyí tó tiẹ̀ ń bà mí lẹ́rù ni ti ẹni tí kò tíì jẹun fún ọjọ́ púpọ̀ kí wọ́n tó gbé e dé. Àwọn ẹbí á dúró tì wá: "Ẹ fún un lóúnjẹ kó yó, ebi ti pa á jù." Bẹ́ẹ̀, tí a bá rọ gbogbo 1,500 yẹn sí i nínú ní ọjọ́ kìíní, fọ́sífètì àti pọtásíọ̀mù, àwọn èròjà bí iyọ̀ tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, lè já wálẹ̀ lójijì, ọkàn rẹ̀ sì lè daṣẹ́ sílẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ la máa ń fi bẹ̀rẹ̀, a ó sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò bí a ṣe ń fi kún un. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ní kí ọmọ yẹn sá fún nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ iyán náà ńkọ́? Wọ́n á sọ fún ọkùnrin Èkìtì tó ní ìtọ̀ ṣúgà pé kò gbọdọ̀ jẹ iyán mọ́ láyé. Ó máa ń dáhùn pé ó dáa. Ó délé, ó jẹ ẹ́ ní kọ̀rọ̀, kò sì ní padà wá sí kílíníìkì mọ́ nítorí ìtìjú. Òmíràn á fi iyán sílẹ̀ lóòótọ́, á wá máa jẹ àmàlà tó ga tó fìlà, pé àmàlà ò ní ṣúgà. Ṣúgà náà ni gbogbo wọn ń dà! Nígbà tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ mi, mo máa ń ní kí wọ́n fi ọwọ́ ṣe bí òkèlè ṣe tóbi tó àti iye tí wọ́n máa ń jẹ. Màá béèrè ọbẹ̀, màá béèrè àkókò. Lẹ́yìn náà la máa wá dúnàádúrà: kí iyán kéré dé ibi báyìí, kí ẹ̀fọ́ àti ẹja pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kó má jẹ́ alẹ́ pátápátá. Ẹ̀fọ́ kan náà yìí ni mo máa sọ fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́ pé kó bọ̀ nínú omi púpọ̀ kó sì da omi rẹ̀ nù, kí pọtásíọ̀mù inú rẹ̀ lè dín kù. Àwọn aláìsàn méjì tó jókòó ti ara wọn lórí bẹ́ǹṣì gbọ́ ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́nu mi lọ́jọ́ kan, wọ́n ní irọ́ ni mò ń pa fún ọ̀kan nínú wọn.

Mo ní màá dé ibi òótọ́ tí bàbá Ìjerò sọ. Wọ́n béèrè pé iṣẹ́ wo ló wà níbẹ̀. Ìbéèrè gidi ni. Dìgírì nìkan ò sọ ọ́ di dietitian. Lẹ́yìn yunifásítì, ọdún kan wà tí a máa fi kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ńlá kí orúkọ wa tó lè wọ ìwé, NYSC tún ń dúró lọ́tọ̀. Àyè ìkọ́ṣẹ́ yìí ò pọ̀, àwa tó ń wá a pọ̀. Nígbà tí mò ń dúró de tèmi, èmi ni mo ń bá ìyá mi gún iyán, àwọn oníbàárà wa sì rí nǹkan sọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi mìíràn ṣe àgùnbánirọ̀ tán láìṣe ìkọ́ṣẹ́, ilé ìwé ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ títí di òní. Lọ́wọ́ ìjọba ni èyí wà. A ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni ní Ìdó àti ní Adó, a sì ní àwọn ilé ìwòsàn gbogboogbò káàkiri ìpínlẹ̀ yìí. Kí àyè ìkọ́ṣẹ́ pọ̀ sí i níbẹ̀, kí wọ́n sì gbà wá síṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti àrùn kíndìnrín ò dúró de àyè kankan kí wọ́n tó wọ̀lú.

Ẹ̀bẹ̀ tèmi lọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá ilé ìwé gírámà àti àwọn olùdámọ̀ràn ibẹ̀. Kí ẹ tó pín àwọn ọmọ SS1, ẹ pe ọ̀kan nínú wa kó wá bá wọn sọ̀rọ̀. A ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Láti Ìkéré títí dé Ọ̀yẹ́, tí ẹ bá ti ránṣẹ́, a máa wá.

Ní ti ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa, a ti bá bàbá àti ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Yóò ṣe WAEC tó wà nílẹ̀ yìí, kó fi mú Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò àti Bàọ́lọ́jì tó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò forúkọ sílẹ̀ fún Kẹ́mísírì àti Físíìsì nínú ìdánwò àwọn tó ń ṣe é láti ìta. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ń gba èsì ìjókòó méjì, àmọ́ kí wọ́n kọ́kọ́ bi èyí tí wọ́n fẹ́ lọ. Mo ti rí tíṣà Kẹ́mísírì kan fún un, ìrọ̀lẹ́ Tuesday àti Thursday ni wọ́n jọ ń ṣe é. Bàbá rẹ̀ ṣì ń kùn pé ọdún kan máa ṣòfò.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé orúkọ mi jáde, òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí.

Dietitian kan,
Ìkéré-Èkìtì.