Lẹ́tà sí àbúrò mi tó ń kàwé ní Warsaw

Bọ́lá, àbúrò mi,

Ìbéèrè tí o fi ránṣẹ́ kọjá ohun tí èèyàn ń fi ohùn WhatsApp dáhùn, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́. O ní ọ̀rẹ́ rẹ kan ní họ́sítẹ́lì sọ pé àwọn ará Pólàńdì ló gba àwọn Júù là nígbà ogun Hitler. O ní ẹlòmíì fẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ pé irọ́ gbáà ni, pé àwọn gan-an ló tà wọ́n. Kò sí òpùrọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ará Pólàńdì tí Yad Vashem, ilé ìrántí àwọn Júù tí Hitler pa, ní Jerúsálẹ́mù ti kọ orúkọ wọn sílẹ̀ pé wọ́n gba Júù là lé ní 7,000. Kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn tó ní tó bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 1941, ní ìlú kékeré Jedwabne, àwọn ará ìlú kó àwọn Júù aládùúgbò wọn sínú abà kan, wọ́n sì dáná sun ún. Àwọn ará Jámánì tó gba ilẹ̀ náà wà nítòsí, ohun tí wọ́n sì ń fẹ́ nìyẹn, àmọ́ ọwọ́ aládùúgbò ló ṣáná. Ìwádìí ìjọba Pólàńdì fúnra rẹ̀ sọ pé àwọn tó kú kò dín ní 340.

Fi èyí sọ́kàn bí o bá ń kà nípa rẹ̀: ní àárín èrò, ó ṣòro fún sójà Jámánì láti mọ Júù yàtọ̀ sí ará Pólàńdì yòókù. Aládùúgbò ló lè dá a mọ̀.

Kí ogun tó dé, Júù tó wà ní Pólàńdì tó 3,300,000. Yiddish, èdè àwọn Júù ibẹ̀, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sọ nílé, ó sì máa ń hàn nínú Polish wọn. Oṣù kọkànlá ọdún 1940 ni Jámánì ti gẹ́tò Warsaw pa, ìyẹn àdúgbò tí wọ́n fipá kó àwọn Júù sí, èèyàn tó lé ní 400,000 wá há sẹ́yìn ògiri. Láti ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 1942, láàárín bí oṣù méjì, wọ́n fi rélùwéè kó nǹkan bí 265,000 nínú wọn lọ pa ní Treblinka, ibùdó tí wọ́n ti ń pa èèyàn. Ẹni tó bá ráyè sá bọ́ sí apá kejì ògiri, òfin ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 1941 ti ń dúró dè é: Júù tó bá jáde, ikú, ẹni tó bá gbà á sílé, ikú.

Wàyí o, kí ni fífi èèyàn kan pamọ́ ń gbà? Káàdì ni wọ́n fi ń pín oúnjẹ nígbà náà. Ẹni tó wà nínú àjà tàbí lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù kò ní káàdì, ọjà fàyàwọ́ ni oúnjẹ rẹ̀ ti ń wá, owó gọbọi sì ni. Bí obìnrin tó ní ọmọ méjì bá ń ra búrẹ́dì èèyàn méje, ẹni tó tò lẹ́yìn rẹ̀ rí i. Nítorí náà, á ra ọ̀kan níhìn-ín, á rìn jìnnà kó tó ra ìkejì. Korobá ìgbẹ́ wà, tó jẹ́ pé òru nìkan ni wọ́n lè dà á. Ikọ́ wà. Omi ń ṣàn nínú páìpù nígbà tí gbogbo ará ilé yẹ kó wà níbi iṣẹ́. Bí ẹni tí o fi pamọ́ bá sì kú, ibo lo fẹ́ sin ín sí?

Àwọn mìíràn ń gbé ní gbangba bí ará Pólàńdì. Ìyẹn ń gba ìwé ìrìbọmi, nígbà mìíràn ti òkú, tí fadá bá wọn yọ, kí wọ́n tó fi gba káàdì ìdánimọ̀ Jámánì tó ń jẹ́ Kennkarte. Ó ń gba kí o mọ “Baba wa” sórí, kí o sì mọ ìgbà tí wọ́n ń kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà. Bí wọ́n bá ní “ojú rẹ̀ dára”, wọn ò sọ̀rọ̀ ẹwà. Ojú tí kò jọ ti Júù ni wọ́n ń wí. Ti ọkùnrin ló le jù. Lọ́dọ̀ tiwa, kò sí ọmọkùnrin tí wọn kì í dádọ̀dọ́ fún. Ní Pólàńdì ìgbà náà, bí wọ́n bá ti dá a fún ọ, wọ́n ti mọ̀ ọ́. Wọ́n á tì ọ́ wọ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, wọ́n á ní kí o tú ṣòkòtò.

Àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní szmalcownik, láti ara ọ̀rọ̀ wọn fún ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀. Wọ́n á dúró nítòsí ẹnu ọ̀nà gẹ́tò, wọ́n á tẹ̀lé ẹni tó jáde, wọ́n á gba owó, aago àti kóòtù lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á sì tún padà wá. Bí owó bá tán, wọ́n á fà á lé Jámánì lọ́wọ́.

Ẹgbẹ́ abẹ́lẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ fífi Júù pamọ́ ń jẹ́ Żegota. Oṣù kejìlá ọdún 1942 ni wọ́n dá a sílẹ̀, Júù àti ará Pólàńdì jọ wà nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀. Wọ́n ń ṣe ayédèrú ìwé, wọ́n ń wá ilé, wọ́n sì ń fún ẹni tó wà ní ìpamọ́ ní nǹkan bí 500 złoty, owó Pólàńdì, lóṣù, èyí tí kò tó ná. Irena Sendler ló ń bójú tó ẹ̀ka àwọn ọmọdé. Ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà ni ilé ẹjọ́ tó wà ní òpópónà Leszno: ilẹ̀kùn kan kọjú sí gẹ́tò, òmíràn kọjú sí ìta. Orúkọ tí ọmọ kan ń jẹ́ gan-an àti èyí tí wọ́n sọ ọ́, orí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni Sendler kọ wọ́n sí, tó fi wá di inú ìgò tí wọ́n rì mọ́ ìdí igi ápù. Nígbà tí wọ́n hú u lẹ́yìn ogun, púpọ̀ nínú àwọn òbí ti kú sí Treblinka.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti Antonina Wyrzykowska. Òun àti ọkọ rẹ̀ fi Júù méje pamọ́ sábẹ́ ilé ẹran ọ̀sìn wọn ní Janczewko, tí kò jìnnà sí Jedwabne, láti ọdún 1942 títí Jámánì fi sá lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1945. Kò sẹ́ni tó kú nínú àwọn méje. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará Pólàńdì kan wá lù ú lálùbolẹ̀ nítorí ohun tó ṣe, ó sì di dandan kí wọ́n kó kúrò níbẹ̀. Òun nìkan kọ́: àwọn mìíràn tó gba Júù là bẹ àwọn tí wọ́n gbà là pé kí wọ́n má dárúkọ àwọn fún ẹnikẹ́ni.

O lè bi mí pé kí ló fà á. Ìkórìíra tó ti wà kó tó di ogun wà níbẹ̀. Dúkìá náà wà níbẹ̀. Polish ní ọ̀rọ̀ kan, pożydowskie, “èyí tí Júù fi sílẹ̀”: ilé, ibùsùn, àwo, ẹ̀rọ ìránṣọ. Nígbà tí ẹni tó ni ín bá padà dé tó kan ilẹ̀kùn, ẹlòmíràn ló máa ń ṣí i. Ní ìlú Kielce, ní ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1946, ọmọ ọdún mẹ́jọ kan tó ti sọnù nílé sọ pé àwọn Júù tó ń gbé ní Planty 7 ló ti òun mọ́ yàrá abẹ́ ilẹ̀. Ilé náà kò ní yàrá abẹ́ ilẹ̀ rárá! Sójà àti ọlọ́pàá tí wọ́n rán síbẹ̀ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ yìnbọn, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ irin sì mú ọ̀pá irin wá. Júù 42 ló kú, ọdún kan gbáko lẹ́yìn tí ogun parí. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn Júù tó ṣẹ́ kù kó ẹrù wọn, wọ́n lọ. Ní ọdún 1968, ìjọba Kọ́múníìsì tún lé nǹkan bí 13,000 jáde. O lè rí àmì ìrántí wọn lára ògiri ibùdó rélùwéè Gdański, nínú ìlú tí o wà yẹn.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dìde ogun sí Jámánì ní Warsaw, má ṣi méjèèjì mú fún ara wọn o. Ti ọdún 1943 ni ti àwọn Júù inú gẹ́tò. Ti ọdún 1944 ni ti ìlú Warsaw lápapọ̀, òun ni August Agboola Browne, ọmọ Èkó tó ń lu ìlù jáàsì níbẹ̀, sọ pé òun jà nínú rẹ̀. Láti ọdún 2019 ni òkúta ìrántí rẹ̀ ti wà ní àárín ìlú. Lọ wò ó.

Bí ọjọ́ 19 oṣù kẹrin bá pé, wọ́n á máa fi òdòdó bébà aláwọ̀ yẹ́lò lé àwọn èèyàn lọ́wọ́ ní títì. Ìrántí ogun gẹ́tò ni. Gbà á, kí o sì fi há àyà. Òtútù ṣì máa ń wà nígbà náà, nítorí náà orí kóòtù ni kí o fi há.

Ẹ̀gbọ́n rẹ