Ẹ Yẹ Ẹrù Wa Wò Lẹ́ẹ̀kan Ṣoṣo

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ètò tí àwọn aṣọ́bodè Nàìjíríà fi lọ́lẹ̀ ní 2025 fún oníṣòwò tó ṣeé fọkàn tán, èyí tí wọ́n ń pè ní AEO, dùn mọ́ mi nínú. Ẹni tí ìwé rẹ̀ bá mọ́, tí ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀ sì ní ààbò, ẹrù rẹ̀ kò ní máa pẹ́ nílẹ̀.

Àmọ́ kì í ṣe aṣọ́bodè nìkan ló wà ní èbúté. Èlùbọ́ àti gàrí ni mò ń kó láti Ìbàdàn lọ sí Lọ́ńdọ̀n. Ẹ̀ka ìjọba kan á wá kòkòrò nínú rẹ̀, òmíràn á wá oògùn olóró, ọjọ́ ọ̀tọ̀ sì ni kálukú ń dé. Abẹ ni wọ́n fi ń la àpò. Àwọn alábàárù á fi okùn gán an padà, ṣùgbọ́n atẹ́gùn òkun ti wọ inú èlùbọ́ ná. Kó tó gúnlẹ̀, ó ti dì, ó ti bu, oníbàárà mi ní Peckham kò sì ní sanwó rẹ̀. Ní gbogbo àsìkò tí a fi ń dúró, owó kọntéínà ń gùn, owó tírélà ń gùn. Níbo ni màá ti rí i dí? Lára owó iṣu gbígbẹ àgbẹ̀ Ṣakí ni, ó sì ń dùn mí.

N kò ní kí wọ́n má yẹ ẹrù wò. Àwọn ọ̀daràn tó ń kó oògùn olóró sáàárín oúnjẹ wà lóòótọ́. Ohun tí mo ń bẹ̀ fún ni pé kí ìwé AEO ní iyì lọ́dọ̀ gbogbo ẹ̀ka ìjọba. Bí ìdí bá wà láti tú ẹrù, kí wọ́n jọ wá pa pọ̀ sí ilé ìkẹ́rùsí wa lọ́jọ́ tí a ń dì í, kí wọ́n fi èdìdì dè é, kó di Lọ́ńdọ̀n.

Àdéhùn ìmúrọrùn okòwò ti WTO, àjọ ìṣòwò àgbáyé, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 2017, fàyè gba èyí. Àdéhùn yẹn kan náà ló ní kí ìlànà ètò náà má ṣe ti àwọn oníṣòwò kéékèèké síta, níwọ̀n bó bá ti ṣeé ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi í sílẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá nìkan. Kí ẹ̀ka ètò náà ṣí ọ́fíìsì sí Ìbàdàn, kí wọ́n fi Yorùbá ṣàlàyé ìwé tí wọ́n ń béèrè fún wa, kí wọ́n sì wá wo ilé ìkẹ́rùsí wa fúnra wọn.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́,
Bódìjà, Ìbàdàn.