Kì í ṣe ká kàn máa ka orí obìnrin

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn tó ń ṣèwádìí nípa obìnrin àti ipò olórí nínú iṣẹ́ ìjọba, ọ̀pọ̀ wọn kàn ń ka orí ni, obìnrin mélòó ló wà ní ọ́fíìsì, wọ́n á kà á tán ó parí nìyẹn. Ẹ wo Íńdíà, láti 1993 ni òfin ti ya ìdá kan nínú mẹ́ta ipò sọ́tọ̀ fún obìnrin nínú ìgbìmọ̀ abúlé, àwọn olùwádìí méjì, Esther Duflo àti Raghabendra Chattopadhyay, wá lọ wo ohun táwọn ìgbìmọ̀ náà ń náwó sí, ìwádìí wọn jáde ní 2004, níbi tóbìnrin ti ń ṣolórí, omi mímu ń rówó ju ti ibi tọ́kùnrin ti ń ṣolórí lọ (àwọn ló kúkú ń pọnmi!). Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ la fẹ́ máa kà jàre.