Ìpè sí gbogbo ọmọ ìlú wa nílé àti lẹ́yìn odi: ẹ jẹ́ ká tún pápá kíríkẹ́ẹ̀tì ilé ẹ̀kọ́ girama wa ṣe

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa gbogbo, a kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìdáwó la tún bá dé, ẹ má bínú sí wa.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa ní Èkó san owó ọkọ̀ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama wa kí wọ́n lè lọ gbá kíríkẹ́ẹ̀tì, eré tí wọ́n ń fi báàtì, igi pẹlẹbẹ kan, gbá bọ́ọ̀lù kékeré, ní pápá TBS (Tafawa Balewa Square) l'Ékòó. Wọn ò rọ́wọ́ mú. Nígbà tí a bi wọ́n léèrè, ọmọbìnrin tó jẹ́ olórí wọn ní, "Ẹ̀yin bàbá, bọ́ọ̀lù ibẹ̀ ń ta ju ti ilé wa lọ." Òótọ́ ló sọ. Lórí ilẹ̀ pupa tí wọ́n ń lò nílé, bọ́ọ̀lù á balẹ̀, á kú síbẹ̀, tàbí kó yà bàrá lọ bá ìkòkò ẹ̀wà ìyá olóúnjẹ. (Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Àwa la san owó ẹ̀wà.) Ẹni tí ojú rẹ̀ ò mọ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń ta, báwo ni yóò ṣe gbá a?

TBS kì í ṣe pápá yẹpẹrẹ. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fi ẹṣin sáré ìje láyé òyìnbó ni, níbi tí wọ́n ti fa àsíá Nàìjíríà sókè ní 1960. Ní 2022, àwọn obìnrin Nàìjíríà gba Ghana, Gambia, Sierra Leone àti Rwanda lálejò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n irú pápá bẹ́ẹ̀ kì í kọ́ ọmọ; ẹni tó ti mọ̀ ọ́n gbá ló ń gbé jáde. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Àwọn kan á ní eré òyìnbó ni, kí ló kàn wá? Ní January 2025, ní Sarawak lórílẹ̀-èdè Malaysia, àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí ọjọ́ orí wọn kò tó 19 fi rọ́ọ̀nù 2 (rọ́ọ̀nù ni àmì tí wọ́n ń kà nínú eré náà) na New Zealand, 65 sí 63. Oṣù méjì ṣáájú, nílẹ̀ wa níbí, àwọn ọkùnrin wa lé gbogbo ikọ̀ Ivory Coast kúrò lórí pápá nígbà tí wọ́n ní rọ́ọ̀nù 7 péré.

Ní ti owó, ẹ wo Rwanda. Ìdáwó ni wọ́n fi kọ́ pápá Gahanga ní Kigali, tí wọ́n ṣí ní 2017. Ní 2016, Eric Dusingizimana, olórí ikọ̀ wọn, dúró fi báàtì gbá bọ́ọ̀lù kíríkẹ́ẹ̀tì fún wákàtí 51 kí owó lè wọlé. Amọ̀ ilẹ̀ wọn ni wọ́n pò mọ́ símẹ́ǹtì láti fi ṣe òrùlé rẹ̀, tó tẹ̀ kọrọdọ bí ipa bọ́ọ̀lù tó ń ta. Nàìjíríà náà lọ gbá níbẹ̀ ní 2021. A ò ní kí ẹnikẹ́ni dúró fún wákàtí 51 o.

Ohun tí a fẹ́ kò tó ti Kigali. A fẹ́ tẹ́ ilẹ̀ pápá náà kó dọ́gba, ká da símẹ́ǹtì sí àárín rẹ̀, kó gùn ní mítà 20 ó lé díẹ̀, kó fẹ̀ ní mítà 3, ká tẹ́ ẹní sí i, ká sì ra báàtì, ìbòsẹ̀ àti akoto. ₦10,000 la bù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nílé, £50 fún àwọn ará London. Ẹni tí kò bá ní owó lè gbé yanrìn wá, bíríkìlà lè fún wa ní iṣẹ́ ọjọ́ kan.

A mọ̀ pé owó pápá bọ́ọ̀lù ìjọsí ṣì ń dun ọ̀pọ̀ yín. Ó ń dun àwa náà. Nítorí ẹ̀, ẹ má fi owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, títí kan èmi akọ̀wé. Inú àpò báńkì ẹgbẹ́ ni kó lọ tààrà, ẹni mẹ́ta ni yóò sì máa fọwọ́ sí i kó tó jáde.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ la fẹ́ da símẹ́ǹtì, nítorí náà kí owó wọlé kó tó di ìparí oṣù kejì. Tí ẹ bá ti san, ẹ fi rìsíìtì ránṣẹ́ sí akápò, kí ẹ sì kọ orúkọ agboolé yín sí i, torí Adébáyọ̀ tó wà nínú ẹgbẹ́ yìí kì í ṣe ẹyọ kan.