Bọ́sẹ̀, ìka ni kí o kọ́kọ́ fi wo bọ́tà

Kábà,
Ìpínlẹ̀ Kogí.

Bọ́sẹ̀ ọmọ mi,

Ọ̀kun o. Ìsánlú ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́? Gbogbo ilé ń kí ọ, ara wa le.

Mo ka ohun tí o kọ, pé bọ́tàkíríìmù rẹ, bọ́tà tí a lù mọ́ ṣúgà láti fi bo kéèkì, ń ṣàn lára kéèkì kí wọ́n tó kọrin ọjọ́ìbí tán, pé o sì ń da icing sugar, ṣúgà tí wọ́n lọ̀ kúnná bí ìyẹ̀fun, sí i títí tó fi dà bí ẹni ń lá ṣúgà lásán. Icing sugar kọ́ ni oògùn rẹ̀. Ooru ló ṣe é, ṣúgà kì í sì í wo ooru sàn. Bí ooru bá ti yé ọ, o ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí.

Àwọn ìwé òyìnbó àti fídíò tí ẹ ń wò lórí fóònù máa ń ní kí o gbé bọ́tà jáde nínú fíríìjì, kí o fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan kó lè rọ̀. Yàrá tiwọn ni wọ́n ń sọ, èyí tí kì í ju nǹkan bíi 20°C lọ. Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, tó bá di ọ̀sán oṣù kẹta, inú yàrá lè ju 32°C lọ, bọ́tà gidi sì ń yọ́ láàárín 32 sí 35. Bí o bá tẹ̀lé wọn, òróró lo máa bá nínú abọ́. Ibi tí bọ́tà ti ń gba lílù dáadáa ni 18 sí 21°C. Gé e wẹ́wẹ́ bí ìgbà tí a gé iṣu àsáró, ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tó o níta. Lásìkò ọyẹ́, lówùúrọ̀ kùtù, ó lè tó wákàtí kan lóòótọ́.

Má wo aago jù, ìka rẹ ni kí o fi wò ó. Fi àtàǹpàkò tẹ bọ́tà náà. Bí ojú ibẹ̀ bá jìn wọlé, tí etí ihò náà dúró gbọn-in, tí ọ̀rá kò sì ṣẹ́ kù sí ọ lọ́wọ́ púpọ̀, ó ti tó. Bí ó bá sán kàkà kó jìn, ó ṣì tutù. Bí ìka bá yọ̀ wọlé wẹ́rẹ́, tí ojú bọ́tà ń dán yinrin, ó ti kọjá ibi tí a ń fẹ́. Dá a padà sí fíríìjì fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Èyí tó bá ti di omi pátápátá, má fi ṣe é, bó tilẹ̀ padà dì. Omi àti ọ̀rá inú rẹ̀ ti pínyà, kò ní lè gbá afẹ́fẹ́ mọ́ra mọ́. Fi dín ẹyin jẹ.

Ọ̀rọ̀ lórí bọ́tà fúnra rẹ̀. Gbogbo ohun tí a fi ń pa búrẹ́dì la ń pè ní bọ́tà nílé wa, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, màgaríìnì ni. Ara wàrà ni bọ́tà gidi ti ń wá, ọ̀rá inú rẹ̀ kì í sì í dín ní 80 nínú 100. Àwọn màgaríìnì kan wà tó jẹ́ pé omi ló pọ̀ nínú wọn, ọ̀rá wọn kò tó 60. Bí o bá fi irú wọn ṣe é, kíríìmù rẹ yóò máa sun omi. Yí agolo tàbí páálí náà padà, ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ nípa ọ̀rá inú 100 giráàmù. Bí kò bá tó 80, fi sílẹ̀ fún búrẹ́dì. Màgaríìnì tí àwọn oníkéèkì ń lò, tó tó 80, kò burú. Ó tilẹ̀ ń fara da ooru ju bọ́tà lọ, adùn rẹ̀ ni kò tó ti bọ́tà.

Fún ilẹ̀ wa, èyí ni mo fẹ́ kí o máa lò lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn: bọ́tà 150 giráàmù, shortening 100 giráàmù, icing sugar 500 giráàmù, mílíkì ṣíbí ńlá méjì, fànílà ṣíbí tíì méjì, iyọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí tíì. Ọ̀rá lásán ni shortening, kò ní omi nínú, ó sì pẹ́ kó tó yọ́; òun ló máa di bọ́tà mú nígbà tí oòrùn bá ń mú. Má jẹ́ kó pọ̀ ju bọ́tà lọ, torí ó máa ń lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu. Bí òjò bá ti ń rọ̀ tí ilẹ̀ tutù, bọ́tà 200 àti shortening 50 ti tó. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o fi òróró àgbọn dípò rẹ̀, má dá a lóhùn: 24°C péré ló ti ń yọ́.

Ìwọ̀n yẹn yóò tó fi sáàárín kéèkì oní-8 inch alápá méjì, kí o sì fi bo ìta rẹ̀. Bó bá jẹ́ kéèkì kékeré inú ife ni, yóò tó bíi 24 tí o bá fi ọ̀bẹ pa á lé wọn lórí. Bí o bá fẹ́ fi nozzle, irin kékeré tí a ń fi sí ẹnu báàgì láti tẹ kíríìmù jáde, ká a sókè, má retí ju 12 sí 15 lọ.

Ra síkéèlì, Bọ́sẹ̀. Má fi déríkà wọn icing sugar. Bí ẹni tó ń bù ú bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó pọ̀. Bó bá dà á wọlé fẹ́rẹ́, ó dín, déríkà kan náà sì ni. Bí icing sugar bá wọ́n lọ́jà, fi blender lọ 200 giráàmù ṣúgà lásán pẹ̀lú ṣíbí ńlá kan cornflour, kí o lọ̀ ọ́ títí, kí o sinmi kí blender má gbóná, kí o tún lọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n inú kéèkì ni kí o lo ìyẹn sí, torí bó ti wù kó kúnná tó, ahọ́n máa ń mọ̀ ọ́n.

Èyíkéyìí tí o bá lò, fi asẹ́ olójú wẹ́wẹ́ kù ú lẹ́ẹ̀mejì. Ní àkókò òjò, icing sugar máa ń fa ọ̀rinrin, á sì di kókó. Kókó kan ṣoṣo tó o rò pé kò já mọ́ nǹkan kan ló máa dí ẹnu nozzle rẹ nígbà tí o bá ń kọ orúkọ ọlọ́jọ́ìbí.

Wàyí o, lu bọ́tà àti shortening nìkan, láìfi ṣúgà sí i, fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí méje. Ibí ni ìkánjú ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Wò ó dáadáa: yóò kọ́kọ́ pọ́n bí inú ọsàn, lẹ́yìn náà yóò máa ṣí, títí yóò fi súnmọ́ funfun tí yóò sì wú. Dúró lẹ́ẹ̀mejì kí o ha ti ẹ̀gbẹ́ abọ́ padà sáàárín, torí èyí tó lẹ̀ mọ́ abọ́ kò gba lílù. Míkísà fúnra rẹ̀ ń mú ooru wá. Bí o bá fọwọ́ kan abẹ́ abọ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, gbé e sínú omi tútù fún ìṣẹ́jú kan. Abọ́ irin ló dára fún èyí, ike kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ omi tútù kíákíá.

Lẹ́yìn náà, da icing sugar sí i lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Jẹ́jẹ́ ni kí míkísà máa yí ní ìbẹ̀rẹ̀, kí o da aṣọ ìnuwọ́ bo ẹnu abọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo ilé ìdáná á funfun bí ẹni tú ẹfun. Fi iyọ̀, fànílà àti mílíkì sí i, ṣíbí kan lẹ́ẹ̀kan, kí mílíkì má tutù bíi yìnyín. Lù ú kíkan fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Níkẹyìn, dín eré rẹ̀ kù pátápátá, kí o jẹ́ kó máa yí jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì, tàbí kí o fi orógùn tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ abọ́. Èyí ló ń tú afẹ́fẹ́ tó ń fa ihò wẹ́wẹ́ tí o máa ń rí lójú kéèkì jáde. Bí NEPA bá mú iná, orógùn àti apá rẹ yóò ṣe é, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dípò márùn-ún ni fún bọ́tà nìkan.

Bó bá dà bí wàrà tó dì, tó ń pín, ó tutù jù ni. Bu ṣíbí mẹ́ta sínú abọ́ kékeré, gbé e lórí omi gbígbóná títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ́, kí o dà á padà bí míkísà ti ń yí. Bó bá ń ṣàn, ó gbóná jù ni: fíríìjì, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún, kí o tún lù ú. Mo tún un sọ, má da ṣúgà sí i. Bó bá le tó ń ya kéèkì, mílíkì ṣíbí tíì kan, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí oníbàárà bá ní ó dùn jù, omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí tíì kan pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀ sí i ń gé adùn náà. Bó bá ṣì pọ́n tí wọ́n fẹ́ funfun, fi igi ìtayín kan àwọ̀ elésè àlùkò bíntín, kí o fi kàn án; ó ń pa pípọ́n rẹ̀.

Àwọn kan yóò béèrè fún èyí tí wọ́n fi funfun ẹyin ṣe, Swiss. Ó dùn lẹ́nu, kò sì dùn jù. Orí omi tó ń hó ni wọ́n ti ń mú ẹyin àti ṣúgà rẹ̀ gbóná dé 71°C kí àìsàn inú ẹyin má bàa ṣe èèyàn. Ṣùgbọ́n bọ́tà ló pọ̀ nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ abẹ́ kánópì ni wọ́n ti fẹ́ gé kéèkì, má gbà á, kò sí owó tó tó o.

Fún àwọ̀, gel ni kí o lò, kì í ṣe èyí tó jẹ́ omi. Pupa àti dúdú ń jinlẹ̀ sí i lóru, nítorí náà pò ó lálẹ́ kí o dúró. Ẹni tó bá ń da pupa sí i títí, yóò korò ni. Fún dúdú, fi kòkó bẹ̀rẹ̀: yọ 60 giráàmù icing sugar, fi kòkó 60 rọ́pò. Ìṣápá pupa tí a fi ń ṣe sóbò ń fún ni ní àwọ̀ rírẹwà, bí o bá sè é títí omi rẹ̀ fi ki, tí o jẹ́ kó tutù kí o tó fi ṣíbí ńlá kan rọ́pò mílíkì. Kọfí tí wọ́n ń gbìn lágbègbè wa níbí náà dára, ṣùgbọ́n se omi rẹ̀ kíki kí o sẹ́ ẹ. Má da gẹ́dẹ́gẹ́dẹ̀ rẹ̀ sínú kíríìmù. Èso kájú kò wọ́n wa: yan án, gé e, kí o tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kéèkì kí ojú kíríìmù tó gbẹ. Kọ́kọ́ béèrè bóyá ọmọ kan wà níbẹ̀ tí ara rẹ̀ kò gba èso bẹ́ẹ̀.

Kéèkì gbọ́dọ̀ tutù porogodo. Pa ìpele tín-ín-rín kan kọ́kọ́ láti fi di èérún mú, gbé e sí fíríìjì fún ogún ìṣẹ́jú, kí o tó pa ti gidi. Fún nozzle, má rọ báàgì kún ju ìdajì lọ. Ọwọ́ rẹ gbóná ju bọ́tà lọ. Ṣe báàgì kékeré méjì, kí ọ̀kan máa sinmi nínú fíríìjì bí o ti ń lo èkejì.

Ti kúkíìsì le jù ú lọ: bọ́tà 100 giráàmù sí icing sugar 250, mílíkì ṣíbí ńlá kan. Bí ṣúgà bá ti pọ̀ ju ọ̀rá lọ báyìí, ojú rẹ̀ máa ń dì bí o bá ṣí i sílẹ̀ wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ á ṣì rọ̀. Má tò wọ́n léra láìfi bébà sáàárín.

Kíríìmù tó kù, bò ó kí náílọ́nù kan ojú rẹ̀ gan-an, ọ̀sẹ̀ kan nínú fíríìjì. Ọyẹ́ máa ń gbẹ ojú rẹ̀ kíákíá, nítorí náà má fi abọ́ sílẹ̀ láìbò. Bọ́tà ń fa òórùn. Bí irú bá wà nínú fíríìjì kan náà láìdé, kéèkì rẹ yóò sọ ọ́ fún wọn.

Bí o bá ń gbé kéèkì lọ Lọ́kọ́jà, jẹ́ kó sun fíríìjì mọ́jú, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni kí o gbé e sí, kì í ṣe orí àga tó dagun, kì í sì í ṣe búùtù. Má ṣí páálí rẹ̀ kí o tó dé, torí afẹ́fẹ́ ọ̀rinrin á di omi lé ojú rẹ̀ lórí, àwọ̀ á sì ṣàn.

Mo fi nozzle mẹ́ta ránṣẹ́ nípasẹ̀ dírẹ́bà. Èyí tí wọ́n kọ 1M sí lára ni kí o fi ká ti inú ife. Fi omi gbígbóná fọ̀ wọ́n, kí o gbẹ wọ́n kíá, wọ́n máa ń dípẹtà.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.