Jókòó kí o tó kà á

Ìjẹ̀bú-Òde,
Alẹ́ ọjọ́ Ajé.

Gbóyèga ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé òtútù ibẹ̀ ò tíì gbé ọ lọ? Owó tí o fi ránṣẹ́ ti dé ọwọ́ Màmá, àbúrò rẹ ti bímọ, obìnrin ni. Mo ti kí ọ tán. Ọ̀rọ̀ BMW rẹ ló kù.

Ó wà láàyè o. O ní kí n kàn máa tanná sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àmọ́ ìwọ náà mọ̀ mí. Àwọn ẹgbẹ́ wa ya pápá kan: Sátidé, eré ọ̀nà gbọọrọ, mítà 402, Sọ́ńdè, eré oníkọ́nà. Mo ní òun ni n ó fi sá méjèèjì.

Bàbá Kẹ́hìndé, mẹkáníìkì wa, rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ṣé mo rántí ẹṣin Ojúde Ọba, pé tó bá fẹ́ fò síwájú, iwájú ló ń kọ́kọ́ gbé sókè, gbogbo ara á wá dé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni mọ́tò tí táyà ẹ̀yìn ń tì: ní ọ̀nà gbọọrọ, sípíríìn iwájú ní láti rọ̀, kí ṣọ́ọ̀kì iwájú sì tètè nà, kí ìwúwo mọ́tò lè wọ ẹ̀yìn, kí táyà ẹ̀yìn di ilẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n gbé irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ dé kọ́nà, á máa fì bí ọkọ̀ ojú omi Ẹ̀pẹ́. Kọ́nà ń fẹ́ sípíríìn líle, kí orí táyà iwájú sì tẹ̀ wọnú bíi dígírì 2.

Ṣé mo gbọ́? Gíráíńdà ni mo gbé. Mo gé sípíríìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Dákun, máa kà á lọ. Mọ́tò wálẹ̀, ó rẹwà! Àfi pé sípíríìn tí a bá gé ń le sí i, ṣọ́ọ̀kì kò sì ráyè rìn mọ́. Láti Ìbàdàn Gàréèjì dé Òkè-Àjé, gbà! gbà! ni. Ní Sátidé, iwájú kọ̀ kò gbéra, táyà ẹ̀yìn ń yí lásán nínú èéfín, Corolla kọjá mi. Corolla, Gbóyèga! Ní Sọ́ńdè, ó fò ní kọ́nà, ó sì gbé mi wọ inú koríko. Báńpà nìkan ló lọ. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé n kò lè yọ kọ́kọ́rọ́.

Bàbá ní ọ̀nà wà: ṣọ́ọ̀kì oníbọ́tìnì, èyí tí a lè yí kó rọ̀ tàbí kó le. Tó bá di Sátidé, a tú ti iwájú sílẹ̀, a yọ línkéèjì iwájú, irin tí kì í jẹ́ kí mọ́tò fì ní kọ́nà, a dín afẹ́fẹ́ táyà ẹ̀yìn kù. Tó bá di Sọ́ńdè, a dá gbogbo rẹ̀ padà, a fún un le. Kò ní mú ipò kìíní níbì kankan, àmọ́ á ṣe méjèèjì.

Ṣé o lè bá mi wá àlòkù rẹ̀ níbẹ̀? Ti E36, irú BMW tìrẹ yìí, pẹ̀lú sípíríìn tí ẹnikẹ́ni ò tíì gé. N ó san án díẹ̀díẹ̀, èmi ọmọ Ìjẹ̀bú ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o.

Má sọ fún Màmá. Wọ́n rò pé gàrí ni mo fi mọ́tò kó ní Sátidé, wọ́n sì ti ń béèrè tiwọn.

Èmi ni,
Ṣẹ́gun