Ẹni tó bá fẹ́ tún Ṣókorí ṣe, kó wá nígbà òjò

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ àtúnkọ́ àdúgbò láàrin ìlú Abẹ́òkúta ni mo fẹ́ sọ, pàápàá ibi tí odò Ṣókorí gbà kọjá. N kò ta ko àtúnkọ́. Ẹni tó bá mọ ìdọ̀tí tó wà létí odò náà kò ní ta kò ó. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo bẹ̀: kí ìjọba ìbílẹ̀ má fi ìwé àyẹ̀wò àyíká àtijọ́, ìyẹn ìwé tó ń sọ ìpalára tí iṣẹ́ lè ṣe fún àyíká àti èèyàn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun. Kí wọ́n tún àyẹ̀wò náà ṣe, kó sì jẹ́ nígbà òjò.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn tó ń wọn ilẹ̀ fẹ́ràn láti wá. Ó yé mi, bàtà wọn kò ní dọ̀tí. Ṣùgbọ́n lóṣù kejì, ọmọdé lè fo Ṣókorí kọjá. Ẹni tó bá rí i bẹ́ẹ̀, tó wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé gọ́tà tóóró tó fún un, kò parọ́. Kò kàn tíì rí odò náà ni. Orí àpáta ni ìlú wa wà. Òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ilẹ̀ wọ̀, ńṣe ló ń ya wálẹ̀ láti orí òkè, a sì ti fi kọnkéré bo ìwọ̀nba ilẹ̀ tó kù. Ní oṣù keje ọdún 2018, omíyalé pa èèyàn nílùú yìí. Ìwé tí wọ́n bá ti kọ ṣáájú ìgbà yẹn, kí ló mọ̀? Odò Ògùn ni Ṣókorí sì ń ṣàn lọ, Ògùn yìí náà ló ń gba omi ìdídò Ọ̀yán láti ọdún 1983. Lọ́jọ́ tí Ògùn bá kún ní Láfẹ́ńwá, níbo ni Ṣókorí fẹ́ da omi tirẹ̀ sí?

Àwọn kan yóò ní òfin kò sọ ọ́ di dandan. Lóòótọ́, òfin àyẹ̀wò àyíká ti ọdún 1992 dárúkọ iṣẹ́ ilé kíkọ́ tó bá tó hẹ́kítà 50, bóyá ni àdúgbò wa fi máa tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òfin kan náà ló ní bí irú iṣẹ́ kan tàbí ibi tí wọ́n ti fẹ́ ṣe é bá lè ba àyíká jẹ́ gan-an, àyẹ̀wò ni kó ṣáájú, kí wọ́n sì fún ará ìlú láyè láti sọ tẹnu wọn. Bí kò bá ṣe etí odò tó ń ya wọlé èèyàn, ibo ni òfin ń wí?

Ẹ jẹ́ n yà díẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn aláró. Aró tí wọ́n ń rẹ ní Ìtòkú báyìí kì í ṣe ti ẹ̀lú àti eérú nìkan mọ́. Kọ́sítíìkì, kẹ́míkà tó ń jó ara, wà níbẹ̀, omi rẹ̀ sì ń gba gọ́tà lọ sódò. Bí wọ́n bá kọ́ gọ́tà tó dán láìro ti omi aró, wọ́n kàn la ọ̀nà tó yá fún un ni. Bí wọ́n bá sì lé àwọn ìyá aládìrẹ kúrò, ìpalára nìyẹn náà, inú ìwé yẹn ló yẹ kó wà.

Nígbà tí ìwé bá jáde, kí wọ́n má tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì. Kí wọ́n kà á ní Yorùbá ní gbangba, kí ìyálọ́jà àti àwọn baálé gbọ́, kí àwọn tó ń gbé ìsàlẹ̀ fi ibi tí omi dé lára ògiri wọn hàn wọ́n.

Oṣù kẹfà àti ìkẹsàn-án ni òjò máa ń le níbí. Kí wọ́n mú ọjọ́ kan nínú wọn, kí wọ́n kéde rẹ̀. A máa wà nílé.

Èmi ni olùkàwé yín,
Ìtòkú, Abẹ́òkúta.